Ọjọ́ Méje ní Almaty pẹ̀lú Màmá Àgbà àti Ọmọ Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú wa balẹ̀ sí Almaty. A ti lo nǹkan bíi wákàtí méje láti Èkó dé Istanbul, a sì tún lo bíi wákàtí márùn-ún ààbọ̀ láti Istanbul dé ibí. Aago ìlú yìí fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú ti Nàìjíríà. Mẹ́fà ni wá: èmi àti ọkọ mi, Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Ìdòwú ọmọ ọdún márùn-ún, àti màmá mi tí wọ́n pé ẹni ọdún 71 lọ́dún yìí, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màmá Àgbà.

Màmá ni wọ́n mú ìlú yìí fún wa. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní àwọn ilé ìlera abúlé ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, orúkọ kan tí kì í sì í kúrò lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni Alma-Ata. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé orúkọ ènìyàn ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìlú ni, pé òun náà ni Almaty òde òní, tó jẹ́ olú-ìlú Kàsàkstán títí di ọdún 1997 kí ìjọba tó kó lọ sí ìlú tí wọ́n ń pè ní Astana lónìí. Nígbà tí ọkọ mi bi wọ́n léèrè ibi tí ọkàn wọn tún ń fẹ́ lẹ́yìn Mẹ́kà tí wọ́n ti lọ, ibí ni wọ́n dárúkọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ.

Àwọn awakọ̀ kan ya bò wá ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì dárúkọ owó tó tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí fóònù wa sọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì pe ọkọ̀ láti orí fóònù. Ọjọ́ tí a dé bọ́ sí ọjọ́ tí gbogbo ilé ìwé ń wọlé ní Kàsàkstán. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ la ti ń wo àwọn ọmọdé tí òbí wọn fà lọ́wọ́, àwọn ọmọbìnrin fi ríbọ́ọ̀nù funfun ńláńlá so irun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé ìdì òdòdó tí wọ́n fẹ́ fún olùkọ́ wọn dání. Ìdòwú béèrè bóyá òun náà ń lọ sí ilé ìwé lónìí. A kò ṣe ohunkóhun mọ́ ju kí a jẹun kí a sì rìn yí ká àdúgbò, nítorí pé bí ọmọ bá fi ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ sùn, òru ni yóò máa fi ṣeré ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Ohun tó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ mọ̀ nípa Almaty ni pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Gúúsù ni àwọn òkè Tian Shan dúró sí bí ògiri, àwọn kan nínú wọn ga tó nǹkan bíi 5,000 mítà tí yìnyín kì í sì í kúrò lórí wọn, ilẹ̀ ìlú wá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àríwá. Bí o bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará ìlú, “gba òkè” tàbí “gba ìsàlẹ̀” ni yóò sọ fún ọ. Fún ẹni tó kó ọmọ lẹ́yìn, ohun ìrọ̀rùn ńlá ni, nítorí ọmọ tó bá gbójú sókè tó rí òkè ti mọ ibi tí òun dojú kọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ìbejì ti ń júwe ọ̀nà fún wa.

Láti orí òkè yìí kan náà ni omi ti ń wá. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ títì, láàárín ojú ọ̀nà ọkọ̀ àti ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, wọ́n la ojú omi tóóró tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́, tí wọ́n ń pè ní arik. Ẹni tó ti Èkó wá lè kọ́kọ́ pè é ní gọ́tà, ṣùgbọ́n omi tútù ló ń gbà á kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa bomi rin àwọn igi tó ṣíji bo ojú pópó. Bí o bá dúró tì í nígbà tí oòrùn mú, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ sí ọ lẹ́sẹ̀. Ìdòwú ju ewé kan sínú rẹ̀, ewé náà sì sá lọ, ni òun náà bá sáré tẹ̀lé e. Kẹ́hìndé wá ewé tó tóbi ju ìyẹn lọ. Táyé ṣa igi tín-ín-rín kan nílẹ̀, ó fi gún ewé tirẹ̀ láàárín kí ó lè dà bí ọkọ̀ ojú omi, ni ìdíje bá bẹ̀rẹ̀. Ewé á lọ, á há mọ́ òkúta, omi á kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, á gbé e sókè, á yí i po lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á wá já a gbà, ewé á sì wọ abẹ́ afárá kékeré lọ. Àwọn ọmọ á sáré lọ sí òdì kejì afárá láti mọ ewé ta ni yóò kọ́kọ́ yọjú. A lo ogójì ìṣẹ́jú níbi tí mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún á tó. N kò dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Nínú gbogbo ohun tí a rí ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sí èyí tó dùn mọ́ wọn tó o, a kò sì ná kọ́bọ̀ sí i. Àwọn arik kan jìn, wọn kò sì ní ìdérí, nítorí náà ọwọ́ ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ àgbà bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

A sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n fi àwọn ọmọ ogun 28 ti ọ̀gágun Panfilov sọ lórúkọ, ní ìrántí àwọn jagunjagun tí wọ́n kó jọ láti ìlú yìí tí wọ́n sì lọ jà níwájú Moscow lọ́dún 1941. Iná ìrántí kan wà níbẹ̀ tí kì í kú. Àárín ọgbà náà ni Kàtídírà Ìgòkè-re-ọ̀run wà, ilé onígi tó ga ní mítà 56, tí àwọ̀ ara rẹ̀ pọ̀ débi tí Ìdòwú fi béèrè bóyá ó ṣeé jẹ. Ìtàn rẹ̀ ni mo sọ fún àwọn ìbejì lórí bẹ́ńṣì tó kọjú sí i. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó ìlú yìí palẹ̀ lọ́dún 1887, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Verny, àwọn ilé bíríkì ló sì kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí onímọ̀ ilé kíkọ́ Andrei Zenkov wá fẹ́ kọ́ kàtídírà yìí láàárín ọdún 1904 sí 1907, igi ló fi kọ́ ọ, kí ilé náà lè máa mì pẹ̀lú ilẹ̀ láìwó. Lọ́dún 1911, ilẹ̀ tún mì tìtì, kàtídírà náà sì dúró. Kẹ́hìndé dìde, ó fi ọwọ́ ti ògiri rẹ̀ láti wò ó. Àwọn ìjọba Sófíẹ̀tì, tí Kàsàkstán wà lábẹ́ wọn nígbà náà, sọ ọ́ di ilé ìṣúra ohun àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó di ọdún 1995 kí wọ́n tó dá a padà fún ìjọ, ó sì di ọdún 1997 kí ìsìn tó padà sínú rẹ̀. Obìnrin máa ń borí kó tó wọlé. Màmá ti borí tẹ́lẹ̀ ní tiwọn. Èmi ni mo yá ìborùn lọ́wọ́ wọn.

Nínú ọgbà kan náà ni ilé onígi mìíràn wà tí wọ́n kó àwọn ohun èlò orin ilẹ̀ Kàsàkstán sí. Dọ́ḿbírà olókùn méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dá Màmá dúró ni kobyz, tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe okùn rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọrun onírun ẹṣin fà á. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ẹ wá wo gòjé.” Lóòótọ́, irun ẹṣin ni okùn gòjé tiwa náà. Àwọn babaláwo ilẹ̀ yìí àtijọ́ ni wọ́n ń ta kobyz láti fi pe ẹ̀mí, nítorí náà kì í ṣe ohun èlò tí gbogbo ènìyàn ń dá ọwọ́ lé bí dọ́ḿbírà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Òjò la jí bá, nítorí náà abẹ́ ilẹ̀ àti inú ilé la fi ọjọ́ náà ṣe. Reluwé abẹ́ ilẹ̀ Almaty kò gùn. Ọdún 1988 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, Sófíẹ̀tì tú ká, owó dáwọ́ dúró, ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2011 kí ọkọ̀ tó rìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́ṣọ̀ọ́ tirẹ̀, ó sì dára kí a máa bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a wò ó, kí a tún wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ní Almaly, gíláàsì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ya igi ápù sí ni ó wà lára ògiri, nítorí “alma” ni wọ́n ń pe ápù ní èdè Kàsákì. Ní Baikonur, wọ́n ṣe é bí ẹni wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí òfuurufú, fídíò rọ́kẹ́ẹ̀tì sì ń ṣí ní ojú ìbòjú kan. Baikonur gan-an, ibi tí Yuri Gagarin ti gbéra ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1961, wà ní Kàsàkstán yìí, ó jìnnà sí Almaty. Táyé kọ̀, kò fẹ́ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ wọ èkejì. A jókòó tì í.

Lọ́sàn-án, a lọ sí Ilé Ìṣúra Àpapọ̀ Ìjọba. Yàrá rẹ̀ pọ̀, bí ènìyàn bá sì ní kí òun wo gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú ọmọdé, ẹkún ni yóò parí rẹ̀. Ohun méjì péré la yàn. Èkíní ni àgọ́ àwọn darandaran, yọ́ọ̀tì, tí igi rẹ̀ ṣeé ká pọ̀ bí àwọ̀n tí wọ́n á sì gbé e lé ràkúnmí. Èkejì ni àwòkọ Ọkùnrin Oníwúrà. Lọ́dún 1969 ni wọ́n hú u jáde nínú òkìtì sàréè kan nítòsí Issyk, nǹkan bíi 50 kìlómítà sí ìlà-oòrùn ìlú: ọ̀dọ́ kan láti inú ẹ̀yà Saka, tó ti lo ohun tó ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ nínú ilẹ̀, tí wọ́n fi ohun tó lé ní 4,000 ègé wúrà bò láti fìlà dé bàtà. Fìlà rẹ̀ ṣóńṣó, ó ga, ọfà wúrà ló wà lára rẹ̀. Àwọn ìbejì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ẹnu yà wọ́n pé kò tíì tó ogún ọdún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ọjọ́ òkè nìyí. Ẹ̀rù ọjọ́ yìí ló bà mí jù nítorí Màmá, òun náà sì ni mo máa kọ́kọ́ gba ẹlòmíràn níyànjú pé kó má fò dá. Bọ́ọ̀sì 12 la wọ̀ láàárín ìlú, ó sì gbé wa gun àfonífojì lọ tààrà sí Medeu. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló dìde fún Màmá kí ẹsẹ̀ wọn tó wọ inú bọ́ọ̀sì tán, ọ̀kan pè wọ́n ní “apa”, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn ni létí wọn. Màmá ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kí ọmọkùnrin náà, inú bọ́ọ̀sì tó ń mì lọ́nà òkè ni wọ́n sì ti kúnlẹ̀.

Medeu ni pápá yìnyín tí gbogbo ayé mọ̀, tó wà ní gíga 1,691 mítà, tí àwọn olùsáré orí yìnyín ti sáré ju bí ẹnikẹ́ni ti sáré rí lágbàáyé lọ níbẹ̀ láìmọye ìgbà, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ yìnyín rẹ̀ sì ń yọ̀. Ìgbà yìnyín kò tíì dé nígbà tí a lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ sáré lórí yìnyín, kó wá láti ìparí oṣù kẹwàá sókè.

Ohun tó wà lókè pápá náà ló yẹ kí ènìyàn fi etí ọmọ sí. Odi ńlá kan dí àfonífojì, àtẹ̀gùn 842 ló gun un lọ. Kì í ṣe odò tó ń fún wọn níná ni wọ́n fi odi náà sé. Ọ̀gbàrá ẹrẹ̀ àti òkúta ni. Bí yìnyín bá yọ́ lójijì lókè, tàbí tí òjò bá pọ̀ jù, omi máa ń gbá àpáta àti igi, á sì ya wọ ìlú, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1921 tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́dún 1966 àti 1967, wọ́n ri ohun abúgbàù mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè méjèèjì, wọ́n fọ́ ọ, àpáta sì ya lulẹ̀ dí ọ̀nà, orí rẹ̀ ni wọ́n sì mọ odi lé. Oṣù keje ọdún 1973 ni ọ̀gbàrá mìíràn dé, odi náà gbà á dúró, ìlú bọ́. Ọkọ mi àti àwọn ìbejì ka àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Táyé rí 842, Kẹ́hìndé rí 839, wọ́n sì ń jà lé e lórí títí di alẹ́.

Àwa yòókù kò gun àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ orí wáyà ló ń gbé ènìyàn láti Medeu lọ sí Shymbulak, 2,260 mítà, ẹ jókòó sínú rẹ̀ ni, ilẹ̀kùn á tì, igi páínì á máa kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Màmá ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dání. Wọ́n wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìdajì wákàtí tí a dé òkè, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kékeré wọn bí ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ibi tí àwọn máa dúró nìyí. Wáyà ṣì ń lọ sókè sí i, dé ọ̀nà àárín òkè Talgar tó lé ní 3,100 mítà, bàbá wọn sì kó àwọn ìbejì lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ibẹ̀ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Kẹ́hìndé, ó ní èébì ń gbé òun. Màmá ti kọ́ bàbá wọn kí wọ́n tó lọ: bí orí bá ti ń fọ́ ọmọ lórí òkè, oògùn rẹ̀ ni kí a sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe kí a jókòó wò ó bóyá yóò lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ó tó mu ife tíì kan tán ní Shymbulak, ara rẹ̀ ti yá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Màmá kírun Jímọ̀ ní Mọ́ṣáláṣí Àgbà Almaty, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1999, tí gọ́ńbà rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ṣeé rí láti ọ̀nà jíjìn. Èmi náà bá wọn lọ sí apá àwọn obìnrin. Ìyá arúgbó kan tó jókòó tì wọ́n kò gbọ́ èdè wa, a kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ salámà, ó sì di ọwọ́ Màmá mú pẹ́. “Rahmet” ni wọ́n ń wí níbí bí wọ́n bá ń dúpẹ́. Màmá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àánú Ọlọ́run inú Kùránì ni. Kí a tó dìde, ìyá náà mú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi òróró dín jáde nínú nylon, ó já a fún wa. Shelpek ni. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìdílé Kàsákì máa ń dín méje rẹ̀, wọ́n á kéwú sí i fún àwọn òkú wọn, wọ́n á sì pín in fún aládùúgbò àti àlejò. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé sàráà fún màmá mi. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún òkú ẹni ẹlẹ́ni.

Ibẹ̀ la ti gba Ọjà Aláwọ̀ Ewé lọ, ọjà àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Ẹran ẹṣin wà lápá kan, wọ́n so sọ́sééjì ẹran ẹṣin tí wọ́n ń pè ní kazy rọ̀ bí okùn. Wàrà abo ẹṣin tó ti kan, kumis, náà wà, ṣùgbọ́n ó máa ń ní ọtí díẹ̀ nínú, nítorí náà ẹnikẹ́ni nínú wa kò tọ́ ọ wò. Kurt, wàrà gbígbẹ tí wọ́n rọ bí òkúta tó kún fún iyọ̀, ni Ìdòwú fi sẹ́nu tó tú u sí ọwọ́ mi. Àwọn obìnrin ará Kòríà náà ń ta kárọ́ọ̀tì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ata àti áyù pò. Stalin, olórí Sófíẹ̀tì, ló kó àwọn bàbá ńlá wọn wá sí Àárín Gbùngbùn Éṣíà tipátipá lọ́dún 1937, wọ́n sì fi kárọ́ọ̀tì rọ́pò ohun tí wọn kò rí rà níbí. Ohun tí àwọn ọmọ tèmi jẹ títí ni baursak. Ìyẹ̀fun tí wọ́n dín sínú òróró ni, ó wú, inú rẹ̀ ṣófo. Pọ́fúpọ́fù ni wọ́n pè é, wọn kò sì pè é ní orúkọ mìíràn mọ́.

Ápù ni mo fẹ́ rí. Igi ápù inú igbó orí òkè àyíká yìí ni òbí àgbà gbogbo ápù tí a ń rà káàkiri ayé. Onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ará Rọ́ṣíà, Nikolai Vavilov, wá síbí lọ́dún 1929, ó rí igbó ápù náà, ó sì sọ pé ibí ni ápù ti ṣẹ̀ wá, àyẹ̀wò àbùdá tí àwọn onímọ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sì gbè é lẹ́yìn. Irú tí ìlú yìí fi ń yangàn ni aport, àsìkò rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Obìnrin kan gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́: ó kún ọwọ́ mi méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n, ẹ̀gbẹ́ kejì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ tí ilà pupa fín sí. Mo gbé e sún mọ́ imú kí n tó gé e, òórùn rẹ̀ kún àpò tí mo fi rù ú di ọjọ́ tí a máa lọ. Ìdajì kan ṣoṣo yó Ìdòwú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

A mọ̀ọ́mọ̀ fi ọjọ́ yìí sílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 1978 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ṣí àpérò wọn ní ìlú yìí, ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Ààfin Lenin nígbà náà, tó ń jẹ́ Ààfin Orílẹ̀-èdè Olómìnira báyìí. Ìjọba 134 ló rán aṣojú wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, wọ́n fẹnu kò lórí Ìkéde Alma-Ata: pé ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni ìlera, pé kí ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé, pẹ̀lú omi tó mọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ, ìtọ́jú aláboyún àti ọmọ, àti àwọn oògùn tó ṣe kókó, kí ó tó di ti ilé ìwòsàn ńlá.

Gbọ̀ngàn náà fẹ̀, òrùlé rẹ̀ tẹ́jú, ó sì yọ síta bí ibori lórí gíláàsì. Ère Abay, akéwì ńlá àwọn Kàsákì, dúró níwájú rẹ̀. Màmá dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, wọn kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ ìtàn náà fún àwọn ìbejì: bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ṣe di mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà lọ́dún 1985, tó mú ọ̀rọ̀ ìkéde yìí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí ìlera alábọ́ọ́dé múlẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ 52; bí àwọn ṣe ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí ọ̀kadà wọ abúlé, tí yìnyín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú; bí àwọn ṣe ń kọ́ ìyá ọmọ ní pípo omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kẹ́hìndé béèrè pé, “Ṣé ẹ wà nínú ilé yìí nígbà yẹn, Màmá?”

“Rárá, ọmọ mi. N kò wá síbí rí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbí ló wá bá mi ní abúlé.”

Táyé gun àtẹ̀gùn náà lọ sókè, ó fi iwájú orí kan gíláàsì, ó ń wo inú.

Ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn yìí gan-an ni ọkọ̀ orí wáyà tó ń lọ sí Kok-Tobe ti ń gbéra, láti ọdún 1967 ni ọ̀nà náà sì ti wà. Ó ń kọjá lórí òrùlé àti ọgbà àwọn ènìyàn, ẹ ó rí aṣọ tí wọ́n sá àti ajá tó ń gbó yín láti ìsàlẹ̀. Òkè náà ga tó nǹkan bíi 1,100 mítà, kò lè yọ àgbàlagbà lẹ́nu. Gbogbo ohun tí ọmọdé ń fẹ́ wà níbẹ̀: àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí ènìyàn sókè, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń já wálẹ̀ láàárín igi tí ẹ ó fi ọwọ́ ara yín di bíréèkì rẹ̀ mú, àwọn ẹran ọ̀sìn tí wọ́n lè fún lóúnjẹ, àti ìsun omi olókùúta tí wọ́n gbẹ́ bí ápù. Ẹ lọ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lè rí ìlú lójú oòrùn kí ẹ sì tún rí i nígbà tí iná bá tàn. Owó eré kọ̀ọ̀kan máa ń kóra jọ, nítorí náà a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní méjì láti yàn. Màmá kò gun nǹkan kan. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí òrùlé gbọ̀ngàn náà nísàlẹ̀, wọ́n sì ní kí a má pe àwọn títí a ó fi ṣe tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Àwọn kan ti gbà wá níyànjú láti fi ọjọ́ ìkẹyìn lọ wo ọ̀gbun Charyn, ibi ẹlẹ́wà tí odò ti gbẹ́ àpáta pupa sí oríṣiríṣi ìrísí. Ó tó 200 kìlómítà sí ìlà-oòrùn, wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àlọ nìkan, a sì ní ọkọ̀ òfuurufú láti wọ̀ lóru. A kò lọ, n kò sì kábàámọ̀. Ẹni tó bá mú ọmọ ọdún márùn-ún àti ẹni ọdún 71 dání, kí ó fi ọjọ́ mìíràn kún un bí ó bá fẹ́ lọ, kí ó sì sùn sí ìtòsí ibẹ̀.

Ọgbà ìgbafẹ́ àgbà la lọ ní òwúrọ̀. Ọdún 1856 ni wọ́n ti gbin igi síbẹ̀. Ọgbà ẹranko, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1937, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A wo ẹkùn orí yìnyín, tó ń sùn, ó sì fi ìrù gígùn rẹ̀ bo imú. A padà wá kó ẹrù. Mo fi aṣọ wé ápù aport méjì tó kù, kí a lè jẹ ẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Istanbul.

Nígbà tí a ń dúró de ọkọ̀ níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, Ìdòwú ti fà sí ẹ̀bá arik. Màmá já ewé kan fún un, wọ́n sì já òmíràn fún ara wọn. Àwọn méjèèjì jù ú sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé ti Màmá kọ́kọ́ há, ti Ìdòwú sì ti fẹ́ dé abẹ́ afárá nígbà tí omi já ti Màmá gbà tó sì ń lé e bọ̀. Ọkọ̀ wa fọn fèrè. Màmá ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́ ní sùúrù ìṣẹ́jú kan.